Àgbo Ilẹ̀ Japan àti Oró Ìtànṣán

Ní agogo mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjì, ní òwúrọ̀ ọjọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 1945, bọ́ǹbù átọ́míìkì bú gbàmù lókè àdúgbò Urakami ní ìlú Nagasaki, ní ilẹ̀ Japan. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ni a ti ju irú rẹ̀ sí ìlú Hiroshima. Kí ọdún náà tó parí, nǹkan bí 140,000 ènìyàn ti kú ní Hiroshima, àti nǹkan bí 70,000 ní Nagasaki. Urakami ni àwọn Kristẹni pọ̀ sí jù lọ ní gbogbo Japan nígbà náà. Lórí òkè kan níbẹ̀, tí kò jìnnà ju nǹkan bíi kìlómítà kan àbọ̀ lọ sí ibi tí bọ́ǹbù náà ti bú, ni ilé ìwòsàn kan wà tí a fi bíríkì kọ́, tí a sì ti ń tọ́jú àwọn tí ikọ́ ife ń bá jà. Dókítà ibẹ̀ ni Akizuki Tatsuichiro, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 29. Ó ń tọ́jú aláìsàn kan lọ́wọ́ nígbà tí ilé mì tìtì, tí àjà sì ń ya lulẹ̀. Iná jó òrùlé àti àwọn yàrá òkè, ṣùgbọ́n ògiri bíríkì náà dúró, a sì rí àwọn aláìsàn gbé jáde.

Láti wákàtí náà ni àwọn tí ó farapa ti ń rọ́ wá sí orí òkè náà. Oògùn kò sí, aṣọ ìdigbò kò sí, iná kò fi nǹkan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ba dókítà náà lẹ́rù jù lọ kì í ṣe ara tí iná jó, bí kò ṣe ti àwọn tí kò ní egbò kankan lára. Wọn a dé ní ẹsẹ̀ ara wọn, wọn a máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ irun orí wọn a bẹ̀rẹ̀ sí í já, ẹ̀jẹ̀ a máa sun ní èrìgì wọn, àmì bí ẹ̀tẹ̀ pupa dúdú a sì yọ sí ara wọn. Ibà a mú wọn, wọn a ya ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, wọn a sì kú. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, Akizuki kíyèsí i pé ikú náà ní ètò. Àwọn tí ilé wọn súnmọ́ ibi tí bọ́ǹbù ti bú ni ó kọ́kọ́ pa. Lẹ́yìn náà ó kan àwọn tí ó jìnnà díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ó kan àwọn tí ó tún jìnnà jù wọ́n lọ, gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí a bá sọ òkúta sí àárín odò tí omi sì ń yí bìrìkìtì lọ sí etí bèbè. Ikú ń gun òkè náà bọ̀, orí òkè sì ni ilé ìwòsàn wà.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Akizuki ti ṣiṣẹ́ rí lábẹ́ Dókítà Nagai Takashi, ní ẹ̀ka ìtànṣán X ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn ti Nagasaki. Níbẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé bí èébì àti òòyì bá mú ẹni tí a fi ìtànṣán X tọ́jú, omi iyọ̀ díẹ̀ a máa mú ara rẹ̀ tu. Ó wòye pé irú àìsàn kan náà, tí ó burú jù ú lọ, ni èyí tí ó wà níwájú rẹ̀. Nítorí náà ó pàṣẹ fún àwọn alásè pé kí wọn máa fi iyọ̀ sí ìrẹsì tí a kò bó èèpo inú rẹ̀, kí wọn máa se ọbẹ̀ miso tí ó ki, kí wọn fi ewéko inú òkun tí a ń pè ní wakame sí i, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe fi ẹnu kan ṣúgà. Ẹ̀wà sóyà ni a fi ń ṣe miso: a ó se é, a ó gún un, a ó pò ó mọ́ iyọ̀ àti mọ́ ìrẹsì tàbí ọkà báálì tí a ti mú kí ó bu, a ó sì dì í sínú àgbá fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹni tí ó bá mọ irú yóò tètè mọ ẹ̀yà ohun tí í ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà tí a fi ń ṣe méjèèjì yàtọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn náà jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Akizuki sì kọ ọ́ sínú ìwé lẹ́yìn náà pé òun gbàgbọ́ pé oúnjẹ yìí ni ó pa òun àti àwọn ènìyàn òun mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí tàn ká. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń béèrè bí ó bá jẹ́ òtítọ́ pé oúnjẹ, tàbí àgbo tí àwọn baba ńlá Japan fi sílẹ̀, lè gba ènìyàn lọ́wọ́ oró ìtànṣán. Ìbéèrè náà kì í ṣe ti ogun nìkan, nítorí ìtànṣán kan náà ni àwọn dókítà fi ń jó àrùn jẹjẹrẹ lónìí, ara tí kò ní àrùn a sì máa gbà nínú rẹ̀. Láti dá a lóhùn, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ìtànṣán ń ṣe nínú ara.

Omi ni apá tí ó pọ̀ jù nínú ara ènìyàn. Bí ìtànṣán bá la ara kọjá, a máa fọ́ omi náà sí wẹ́wẹ́, èérún omi tí ó sì ti inú rẹ̀ jáde a di ohun tí ebi ń pa: ohunkóhun tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó máa já gbà, ìbáà ṣe ọ̀rá, ìbáà ṣe okùn tín-ín-rín tí ó gbé àkọsílẹ̀ ìran wa sínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Nínú ìparun tí ìtànṣán X ń ṣe sí okùn náà, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó ń gba ọwọ́ èérún omi yìí wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń pín láìsinmi ni ó kọ́kọ́ ń kú, èyíinì ni ti mùdùnmúdùn inú egungun, níbi tí a ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, àti ti awọ inú ìfun. Nígbà tí ilé iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ bá ti wó, kò sí ohun tí yóò mú ẹ̀jẹ̀ dì, kò sì sí ọmọ ogun tí yóò bá àrùn jà. Ìdí nìyí tí èrìgì àwọn ará Urakami fi ń ṣẹ̀jẹ̀, tí ibà sì fi ń pa wọ́n.

Ìpáàrà tí ń jẹ irin jọ ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá gé iṣu tí a sì gbé e kalẹ̀, ojú rẹ̀ a pọ́n, a sì dúdú. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni ó ń jẹ ẹ́. Bí a bá fún omi ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kì yóò tètè dúdú, nítorí ohun tí ó wà nínú ọsàn náà ni ó ń fi ara rẹ̀ fún ọ́síjìn ní ipò iṣu. Irú adènà ìpáàrà bẹ́ẹ̀ wà nínú ara ènìyàn pẹ̀lú, ó sì pọ̀ nínú ewé àti egbò igi, nítorí ewéko a máa dúró nínú oòrùn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, kò sì ní ibi tí yóò sá sí.

Ní ọdún 1949, Harvey Patt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà fún àwọn eku ní cysteine, ohun kan tí ó wà nínú ẹran àti ẹyin, kí wọn tó ta ìtànṣán X lù wọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn eku náà yè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọn fún àwọn mìíràn lẹ́yìn ìtànṣán, kò ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ọdún 1954, Rebeca Gerschman, obìnrin onímọ̀ ará Argentina, fi hàn pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ọ̀nà kan náà ni àpọ̀jù ọ́síjìn àti ìtànṣán fi ń pa ara. Kí olùkà di ọ̀rọ̀ “kí a tó” àti “lẹ́yìn” yìí mú, nítorí òun ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó kù. Èérún omi náà kì í pẹ́ tó ìṣẹ́jú àáyá kan tí a pín sí ọ̀nà mílíọ̀nù. Kí ẹnikẹ́ni tó na ọwọ́ mú ife, ó ti jẹ ohun tí yóò jẹ.

Kampo ni àwọn ará Japan ń pe àgbo wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀nà àwọn ará Ṣáínà, nítorí láti Ṣáínà ni ó ti gba Kòríà wọ Japan ní nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn. Oníṣègùn Kampo kì í wo àrùn nìkan. Ó ń wo ẹni tí àrùn mú: bí ó bá sanra tàbí ó rù, bí òtútù bá ń mú un tàbí ooru, bí ikùn rẹ̀ ti rí lábẹ́ ọwọ́. Àìsàn kan náà lè mú ẹni méjì, kí àgbo wọn má sì ṣe bákan náà.

Ọ̀kan nínú àwọn àgbo yìí ni hochuekkito, ìtàn rẹ̀ sì bá ti Nagasaki mu lọ́nà kan. Ní ọdún 1232 àwọn ọmọ ogun Mongol dó ti ìlú Kaifeng ní Ṣáínà. Nígbà tí ogun ká kúrò, àwọn ará ìlú tí ebi àti àárẹ̀ ti jẹ tán ń kú lọ bẹẹrẹ. Oníṣègùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Li Dongyuan wà níbẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn tí ń lé ibà jáde, wọ́n sì ń kú síi. Òun sọ pé kì í ṣe àrùn ìta ni, agbára inú ni ó tán, kí a gbé agbára náà dìde. Oríṣi mẹ́wàá ni ó wà nínú àgbo rẹ̀, lára wọn ni ginseng, egbò ogi, egbò toki, èèpo ọsàn, èso natsume, egbò kanzo tí ó dùn bí oyin, àti atalẹ̀, atalẹ̀ kan náà tí ó wà ní ọjà wa. Juzentaihoto ni orúkọ èkejì, tí òun náà ní oríṣi mẹ́wàá, tí èèpo igi kínámónì wà nínú rẹ̀. Wọn a máa fún ẹni tí àìsàn ti rẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti gbẹ.

Ohun tí yóò wu àgbẹ̀ láti gbọ́ ni bí a ti ń gbin nǹkan wọ̀nyí. Ginseng kò fẹ́ oòrùn. Abẹ́ àtíbàbà ni a ń gbìn ín sí, ọdún mẹ́rin sí mẹ́fà ni a sì ń dúró kí a tó wà á. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ náà kò ní gba ginseng mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún ni olórí ilẹ̀ Japan, Tokugawa Yoshimune, mú kí a wá irúgbìn rẹ̀ láti Kòríà, tí a sì pín in fún àwọn ìjòyè agbègbè láti gbìn. Títí di òní ni wọ́n ń pè é ní ginseng irúgbìn ọlọ́lá. Ti toki yàtọ̀. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè Nara a máa tọ́jú rẹ̀ ní ilé irúgbìn kí wọn tó lọ̀ ọ́ sí oko. Bí ó bá tètè yọ òdòdó, egbò rẹ̀ a le bí igi, iṣẹ́ náà a sì di asán. Bí wọn bá wà á tán, wọn a so ó rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ òtútù títí yóò fi rọ, wọn a wá fi omi gbígbóná wẹ̀ ẹ́, wọn a máa fi ọwọ́ pa á kí ó lè gún régé, wọn a sì tún sá a. Síbẹ̀ apá tí ó pọ̀ jù nínú egbò tí Japan ń lò, láti Ṣáínà ni ó ti ń wá.

Ní ọdún 1874 ìjọba Japan fi ìṣègùn àwọn òyìnbó ṣe ìlànà fún gbogbo ẹni tí yóò jẹ́ dókítà, Kampo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ó padà wá díẹ̀díẹ̀, àti láti ọdún 1976 ni ètò ìlera ìjọba ti ń san owó ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀. Àwọn dókítà tí ó kọ́ ìṣègùn òyìnbó gan-an ni ó ń kọ ọ́ fún aláìsàn. Ìyẹ̀fun tí a dì sínú àpò kékeré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò nísisìyí, ní ipò ìkòkò orí iná.

Nígbà tí Kampo ti padà sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán an wò sí ìtànṣán. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 wọ́n fi omi ginseng gún eku ní ikùn lẹ́yìn tí wọ́n ti ta ìtànṣán lù ú, àwọn tí ó yè nínú wọn sì pọ̀ ju àwọn tí a kò gún lọ. Ní ọdún 1990 a tẹ ìwé kan jáde ní orí juzentaihoto: àwọn eku tí ó mu ún tètè rí ìmúpadàbọ̀ sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ní Hiroshima fúnra rẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ibẹ̀, a pò miso mọ́ oúnjẹ eku, a sì ta ìtànṣán X lù wọ́n. Ní ọdún 2001 a ròyìn pé awọ ìfun àwọn tí ó jẹ miso yè jù, àti pé miso tí ó ti lo 180 ọjọ́ nínú àgbá ṣe dáadáa ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò lọ. Iyá arúgbó tí ó ń ṣe miso kì bá tí ya ẹnu sí èyí.

Ṣé kí a wá sọ pé ọ̀rọ̀ Akizuki ti di òtítọ́? Ó yẹ kí a rọra. Nínú ìgò, ohun tí a yọ nínú egbò wọ̀nyí ń pa oró ọ́síjìn ní tòótọ́. Nínú eku, ó ń ṣe ohun méjì tí kò yẹ kí a pò pọ̀. Èyí tí a fún eku ṣáájú lè wà nílẹ̀ de èérún omi náà, kí ó sì gbà á mú. Èyí tí a fún un lẹ́yìn kò lè bá èérún àkọ́kọ́ mọ́. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó tu iná tí ń jó lọ nínú ẹran ara lẹ́yìn náà, kí ó sì ran mùdùnmúdùn egungun lọ́wọ́ láti tún ilé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́. Iṣẹ́ rere ni, ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí kò bá ṣẹ́kù sínú mùdùnmúdùn náà, kò sí ohun tí àgbo yóò gbé dìde. Bẹ́ẹ̀ ni lọ́pọ̀ ìgbà òṣùwọ̀n tí a fún eku pọ̀ ju èyí tí ènìyàn ń mu lọ, bí a bá fi ìwọ̀n ara wé ara. Kò sì sí ìdánwò kankan tí ó fi hàn pé Kampo gba ènìyàn kan là lọ́wọ́ ìtànṣán bọ́ǹbù.

Ní ti àwọn ènìyàn orí òkè Urakami, ògiri bíríkì wà láàárín wọn àti bọ́ǹbù náà, ìjìnnà sí ibi tí ó ti bú sì tún dín ìtànṣán náà kù gidigidi, nítorí ìgbésẹ̀ mélòó kan ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ìyàtọ̀ ikú àti ìyè. Akizuki tìkára rẹ̀ kọ ọ́ pé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án òjò ńlá rọ̀, ó fọ ilẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í tu òun. Èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ṣe é, ògiri, ìjìnnà, òjò, tàbí ọbẹ̀? Kò sí ilé ìwòsàn kejì lórí òkè kan náà tí kò mu ọbẹ̀ miso, tí a ìbá fi wọ́n wéra. Ohun kan dájú: ní àárín ìyàn àti èéfín, ó rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jẹun gbígbóná lójoojúmọ́, èyí kì í sì í ṣe ohun kékeré fún ẹni tí ń tọ́jú òkú àti aláìsàn.

Fún ẹni tí a ń fi ìtànṣán tọ́jú jẹjẹrẹ, ọ̀rọ̀ náà tún gba ọ̀nà mìíràn. Hangeshashinto jẹ́ àgbo oríṣi méje tí a ń lò fún inú rírun. Àwọn dókítà Japan ń fún aláìsàn láti fi yọ ẹnu nígbà tí oògùn jẹjẹrẹ bá dá egbò sí i lẹ́nu. Nínú ìdánwò tí a ṣe, kò dí egbò lọ́wọ́ láti yọ, ṣùgbọ́n ó dín iye ọjọ́ tí egbò líle fi wà kù. Ìrànlọ́wọ́ ni èyí fún ẹni tí kò lè gbé itọ́ mì. Ṣùgbọ́n adènà ìpáàrà kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Bí ó ti ń bo awọ ẹnu, bẹ́ẹ̀ ni ó lè bo jẹjẹrẹ tí a fẹ́ kí ìtànṣán pa. Ní ilẹ̀ Kánádà a fún àwọn kan lára 540 aláìsàn, tí jẹjẹrẹ orí àti ọrùn ń bá jà, ní fítámì E àti ohun tí ń pọ́n nínú kárọ́ọ̀tì, nígbà tí a ń ta ìtànṣán sí wọn lára. Ìròyìn tí ó jáde ní ọdún 2005 sọ pé ìnira ìtànṣán náà dín kù lára àwọn tí ó lò ó, ṣùgbọ́n àmì hàn pé jẹjẹrẹ ń padà sí wọn lára ju ti àwọn yòókù lọ. Nítorí náà ẹni tí ó bá ń mu àgbo, ìbáà ṣe ti Japan tàbí ti ilé, kí ó sọ fún dókítà kí a tó tan ẹ̀rọ ìtànṣán náà, kí ó má ṣe fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Dókítà tí ó bá sì pariwo mọ́ ọn nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ń kọ́ ọ láti máa purọ́.

Àgbo náà tìkára rẹ̀ ní eyín. Shosaikoto, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní Japan ń mu fún àrùn ẹ̀dọ̀, ni a rí pé ó lè mú ẹ̀dọ̀fóró àwọn kan wú kí ó sì le. Ní oṣù kẹta ọdún 1996 ìjọba kéde pé ènìyàn 88 ni èyí ti ṣẹlẹ̀ sí láàárín ọdún méjì, 10 sì ti kú. Egbò kanzo, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ jù lọ àgbo Kampo, a máa dá iyọ̀ àti omi dúró nínú ara bí a bá mu ún pẹ́, a sì máa gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè. Ẹsẹ̀ tí ń wú àti iṣan tí kò lágbára ni àmì rẹ̀. Miso pẹ̀lú, iyọ̀ inú rẹ̀ kò kéré.

A tún ilé ìwòsàn orí òkè náà kọ́ lẹ́yìn ogun, a sì ń pè é ní orúkọ Fransis Mímọ́. Akizuki ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń kó ẹ̀rí àwọn tí ó rí ọjọ́ náà jọ sínú ìwé. Ó kú ní ọdún 2005, nígbà tí ó jẹ́ ẹni ọdún 89.